Àgbò Abẹ́ Wáyà Ńlá: Ẹ̀kọ́ lórí Agbára Òòfà àti Ìwà Ẹranko

   Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ gbé síwájú yín lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé kò kan òun. Ó kan gbogbo ẹni tí ó ń gbé Festac Town, Mile 2, Kirikiri, Satellite Town àti gbogbo Amuwo-Odofin, tí ó sì ti so ẹran Iléyá sábẹ́ wáyà iná rí, tàbí tí ó ti rán ọmọ rẹ̀ lọ bọ́ ẹran níbẹ̀.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Iléyá ku ọjọ́ mẹ́jọ. Bàbá ọmọ ilé-ìwé wa kan àti àwọn àbúrò rẹ̀ para pọ̀ ra àgbò márùn-ún. Àyè kò sí nínú ọgbà ilé wọn, nítorí náà wọ́n kó àwọn ẹran náà lọ sí ilẹ̀ gbalasa tí ó wà lábẹ́ wáyà ńlá, èyí tí a ń pè ní háítẹ́ńṣọ̀n, wọ́n sì so wọ́n mọ́ ẹsẹ̀ òpó irin. Ọjọ́ kejì, àgbò kò jẹun. Ọjọ́ kẹta, wọn kò jẹun. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n dà sílẹ̀ fún wọn, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á sì gbé orí kúrò. Ọ̀kan ń fa okùn, òmíràn dúró ó kọjú sí ibì kan bí ẹni tí ń wo ohun tí àwa kò rí.

Kí a tó ṣẹ́jú, àdúgbò ti dá ẹjọ́. Wọ́n ní wáyà ni. Wọ́n ní agbára tí ó wà nínú rẹ̀ ti da ẹran náà lọ́pọlọ rú. Ẹnìkan rántí adìẹ rẹ̀ tí kò yé ẹyin mọ́. Ẹlòmíràn rántí oyin tí ó ṣí kúrò lórí igi nítòsí òpó. Bàbá ọmọ wa fẹ́ dá ẹran padà fún ẹni tí ó tà á, onítọ̀hún kò gbà, ọ̀rọ̀ sì fẹ́ di ìjà láàárín àwọn méjèèjì. Ọmọ náà wá bá wa ní kíláàsì, ó ní: "Àáfáà, ṣé lóòótọ́ ni pé wáyà iná lè da orí ẹranko rú?"

Ìbéèrè rere ni. A kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, nítorí pé a kò fẹ́ fi ìméfò dáhùn ohun tí ìmọ̀ lè dáhùn. A lọ wádìí. Ohun tí a rí ni a kọ síhìn-ín, ìparí ọ̀rọ̀ àwọn àgbò náà yóò sì wà ní ìsàlẹ̀.

KÍ NI AGBÁRA ÒÒFÀ?

Gbogbo wa la mọ òòfà, irin tí ń fa irin mọ́ra. Ó wà nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sálásí, ó wà létí ilẹ̀kùn fíríìjì. Agbára rẹ̀ máa ń yí i ká, bí òórùn tùràrí ṣe ń yí àwo tùràrí ká. Bí a bá ṣe ń jìnnà sí i ni agbára náà ń dín kù.

Ilé ayé fúnra rẹ̀ jẹ́ òòfà ńlá kan. Òun ni ó ń darí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì sí àríwá, tí àwa sì fi ń mọ ibi tí a ó kọjú sí kírun. Ẹni tí ó bá wà ní Èkó yóò kọ́kọ́ mọ àríwá, lẹ́yìn náà yóò yí sí ìhà ìlà-oòrùn ní ìwọ̀n dígírì 63, kí ó tó kọjú sí Mẹ́kà. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń lò fún agbára òòfà kékeré bí èyí ni microtesla. Ní Èkó, agbára òòfà ilé ayé tó bíi 33 nínú ìwọ̀n náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di iye yìí mú, a óò tún padà sórí rẹ̀.

Ní ọdún 1820, Hans Christian Oersted, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní orílẹ̀-èdè Denmark, rí i pé bí iná bátìrì bá ń ṣàn nínú wáyà, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tí ó wà nítòsí rẹ̀ á yí. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé ibikíbi tí iná bá ti ń ṣàn, agbára òòfà wà níbẹ̀. Bí iná bá dúró, òòfà náà á pòórá.

Ṣùgbọ́n iná bátìrì yàtọ̀ sí iná ilé wa, èyí tí àwọn ènìyàn ṣì ń pè ní iná NEPA bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà ti yí padà ní ọdún 2005. Iná bátìrì ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Iná NEPA ń lọ, ó sì ń bọ̀, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òòfà rẹ̀ náà ń lọ ó ń bọ̀ bẹ́ẹ̀. Lójú wa, ìgbà 50 yá púpọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fi wé ìgbì rédíò àti ti fóònù, ó lọ́ra gan-an. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi kà á sí òòfà alọ-bọ̀ tí kò yára.

Ẹ̀yin ọmọ wa lè dán èyí wò. Bí ẹ bá mú kọ́ńpáàsì kọjá nísàlẹ̀ wáyà iná òpópónà, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò ní kúrò ní àríwá. Kì í ṣe pé òòfà kò sí níbẹ̀. Òòfà náà fà á sọ́tùn-ún, kí ó sì tó yí, ó ti tún fà á sósì. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé kọ́ńpáàsì sún mọ́ mọ́tò, irin ńlá tàbí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, nítorí àwọn wọ̀nyí yóò ṣì í lọ́nà. Ẹni tí ó fẹ́ fi kọ́ńpáàsì mọ ibi tí ó máa kọjú sí nínú mọ́sálásí, kí ó kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

ǸJẸ́ ẸRANKO Ń MỌ ÒÒFÀ LÁRA?

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ wọn ń mọ̀ ọ́n. Àwa kì í mọ òòfà lára bí a ṣe ń mọ ooru tàbí òtútù, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun fún àwọn ẹ̀dá mìíràn ní ohun tí kò fún wa.

Ní àwọn ọdún 1960, Wolfgang Wiltschko ní ìlú Frankfurt ní Jámánì ṣe ìwádìí lórí ẹyẹ kékeré kan tí a ń pè ní robin, tí ó máa ń ṣí kúrò ní ilẹ̀ olótùútù nígbà òtútù. Ó fi ẹyẹ náà sínú àgò níbi tí kò ti lè rí oòrùn tàbí ìràwọ̀. Síbẹ̀, ẹyẹ náà ń fẹ́ gba ọ̀nà tí ó yẹ kí ó gbà. Nígbà tí onímọ̀ yìí fi wáyà iná yí òòfà tí ó wà láyìíká àgò náà padà, ẹyẹ náà yí ọ̀nà rẹ̀ padà tẹ̀ lé e.

Ẹyẹlé tí a ń sìn nílé náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. William Keeton, ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, so òòfà kékeré mọ́ ara àwọn ẹyẹlé kan, ó sì so irin tí kì í ṣe òòfà mọ́ ara àwọn yòókù. Ó gbé wọn lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó sì tú wọn sílẹ̀ kí wọ́n fò wálé. Ní ọdún 1971, ó kọ ọ́ jáde pé nígbà tí oòrùn ràn, gbogbo wọn mọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìkúùkù bo oòrùn, àwọn tí òòfà wà lára wọn ló sábà máa ń ṣìnà. Àwọn tí ó tún ìwádìí náà ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kò rí i bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ẹ kíyè sí ohun tí Keeton ṣe o: kò so òòfà mọ́ gbogbo ẹyẹlé. Ó ya àwọn kan sọ́tọ̀ tí yóò fi wọn wé. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kì bá tí mọ̀ bóyá òòfà ni ó dà wọ́n láàmú tàbí ẹrù tí ó gbé rù wọ́n.

WÁYÀ ŃLÁ, MÀLÚÙ ÀTI ÀGÙNTÀN

Ní ọdún 2008, Sabine Begall, Hynek Burda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Jámánì àti Czech wo àwòrán ilẹ̀ tí a yà láti òfurufú. Wọ́n wo màlúù 8,510 nínú pápá 308 káàkiri ayé. Wọ́n ní nígbà tí màlúù bá ń jẹko tàbí tí ó bá ń sinmi, ọ̀pọ̀ wọn máa ń nara láti àríwá sí gúúsù, bí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì. Ní ọdún 2009, wọ́n wo àwọn màlúù àti àgbọ̀nrín tí ó wà lábẹ́ wáyà ńlá àti nítòsí rẹ̀. Wọ́n ní ètò yẹn dàrú níbẹ̀, oníkálukú kọjú sí ibi tí ó wù ú, àti pé bí ẹran bá ṣe jìnnà sí wáyà ni ètò náà ń padà bọ̀ sípò.

Ọ̀rọ̀ yìí tàn káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ mìíràn ní Czech wo irú àwòrán kan náà, wọn kò sì rí i pé màlúù ń nara sí àríwá rárá. Àwọn ti àkọ́kọ́ fèsì pé púpọ̀ nínú àwòrán tí wọ́n lò kò mọ́ tó. Àríyànjiyàn ni ó wà lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ fún yín pé ó ti di òdodo tí kò ní ìyọnu. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àwọn tí wọ́n sọ pé wáyà ń yí ojú màlúù padà kò sọ pé màlúù náà kọ oúnjẹ. Orí koríko ni wọ́n ti rí wọn, tí wọ́n ń jẹun.

Ti àgùntàn ńkọ́? Òun gan-an ni ó kàn wá. Ní Oregon ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ kan kó ọ̀dọ́ àgùntàn mẹ́wàá sábẹ́ wáyà 500,000 fólìtì, wọ́n sì kó mẹ́wàá mìíràn sí ibi tí ó jìnnà sí i. Fún ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, tí wọ́n sì ń wo ìgbà tí wọn yóò bàlágà. Ní ọdún 1993, wọ́n kọ ọ́ jáde pé àwọn kò rí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀wọ́ méjèèjì. Wáyà yẹn sì lágbára ju 132,000 fólìtì tí ibùdó iná ńlá Amuwo ń gbà lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

TI OYIN LÓ WÁ YÀTỌ̀

Oyin, ẹ̀dá tí Súrà kan nínú Kùránì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ni ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù nínú gbogbo èyí. Ní ọdún 2018, Sebastian Shepherd àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Southampton ní Ìlú Ọba gbé oyin sínú òòfà alọ-bọ̀ tí ń yí ní ìgbà 50, gẹ́gẹ́ bí ti wáyà iná. Wọ́n lo agbára láti 20 sí 100, èyí tí ó lè wà nísàlẹ̀ wáyà tí ó lágbára jù, títí dé 7,000, èyí tí ó wà lókè nítòsí wáyà fúnra rẹ̀. Oyin wọ̀nyí kò tètè kọ́ ẹ̀kọ́ mọ́, bí wọ́n ṣe ń ju ìyẹ́ yí padà, díẹ̀ nínú wọn ni ó sì ń rí oúnjẹ wọn dé.

Ní ọdún 2019, àwọn kan náà fi oyin sínú òòfà 100 àti 1,000 fún wákàtí 17. Òye tí oyin fi ń yẹra fún ohun tí ó ń pa á lára dín kù ní ohun tí ó ju 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn tí wọ́n wà nínú òòfà 100 tún wá ń bá oyin àlejò jà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ní ìwọ̀n 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé òòfà wáyà kò lè yí ìwà ẹ̀dá kankan padà, kò mọ̀ tó. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

ÌWỌ̀N NI Ọ̀RỌ̀ WÀ

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: mélòó ni ó wà lábẹ́ wáyà tiwa? Ṣíbí iyọ̀ kan nínú ìkòkò ọbẹ̀, ọbẹ̀ dùn. Àádọ́ta ṣíbí nínú ìkòkò kan náà, ẹnikẹ́ni kò ní lè fi í sẹ́nu. Iyọ̀ kan náà ni. Ìwọ̀n ló yàtọ̀.

Ní Ìlú Ọba, níbi tí wọ́n ti ń wọn nǹkan wọ̀nyí dáadáa, ohun tí wọ́n sábà máa ń rí nísàlẹ̀ wáyà 132,000 fólìtì wà láàárín ìdajì microtesla kan sí méjì. Bí ènìyàn bá rìn tó mítà 25 kúrò níbẹ̀, ó ti dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí. Ẹ rántí pé ti ilé ayé ní Èkó jẹ́ 33, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn kì í lọ kì í bọ̀. Ẹ sì rántí pé 100 ni ó mú kí oyin máa jà. Ìyẹn ni pé oyin tí ó jà gba, ó kéré tán, ìlọ́po àádọ́ta ohun tí a sábà máa ń rí lórí ilẹ̀ nísàlẹ̀ irú wáyà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí àwọn obìnrin fi ń gbẹ irun, bí a bá gbé e sún mọ́ orí gan-an, òòfà rẹ̀ lè ju ti abẹ́ wáyà yìí lọ dáadáa.

Agbára òòfà wáyà tún ń tẹ̀ lé bí iná ṣe ń ṣàn nínú rẹ̀. Nígbà tí iná bá pọ̀ nínú rẹ̀, òòfà á pọ̀. Bí iná kò bá ṣàn, òòfà kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Bí iná bá lọ ní àdúgbò yín, ìyẹn kò sọ pé iná ti lọ nínú wáyà ńlá. Ó lè jẹ́ pé àdúgbò mìíràn ni ó ń gbé iná náà lọ.

OHUN TÍ Ó Ń PA ẸRAN NÍ TÒÓTỌ́

Nígbà tí àdúgbò ń pariwo òòfà, ohun tí ó léwu jù wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wò ó. Iná fúnra rẹ̀ ni.

Ẹ wo àdán. Àdán ńlá tí ń jẹ èso, irú èyí tí ó pọ̀ nínú ọgbà Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ lè tó ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ bí ó bá nà án. Ẹyẹ kékeré lè bà sórí wáyà kan ṣoṣo kí ó má kú, nítorí pé iná kò rí ọ̀nà tí yóò gbà jáde lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyẹ́ àdán bá kan wáyà méjì lẹ́ẹ̀kan, iná á gba ara rẹ̀ kọjá. Ìdí nìyí tí a fi máa ń rí òkú àdán tí ó rọ̀ sórí wáyà òpópónà. Kì í ṣe òòfà ló pa á.

Bí wáyà bá wá já sílẹ̀, iná á wọ ilẹ̀, á sì tàn ká bí omi tí a dà sórí iyanrìn. Ilẹ̀ tí ó sún mọ́ wáyà ní agbára ju èyí tí ó jìnnà lọ. Bí ẹsẹ̀ kan bá wà nítòsí, tí èkejì sì wà lókèèrè, iná á gba ọ̀kan wọlé, á gba èkejì jáde. Ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni ó wà nínú ewu jù, nítorí pé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ jìnnà sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ọkàn rẹ̀ sì wà láàárín. Àgbò tí a so mọ́ ibẹ̀ kò sì lè sá. Ọmọ tí ó bá sáré lọ tú u náà yóò wà nínú ewu kan náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, bí ẹ bá rí wáyà tí ó já, ẹ má ṣe sún mọ́ ọn, kódà bí iná kò bá sí nílé yín. Ẹ jìnnà sí i tó mítà mẹ́wàá, ó kéré tán. Bí ẹ bá ti wà nítòsí rẹ̀ kí ó tó já, ẹ má ṣe sáré, ẹ má ṣe la ẹsẹ̀. Ẹ pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ẹ máa fi wọ́ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi jìnnà. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan ẹran tàbí ènìyàn tí iná ti mú. Ẹ pe àgbà, kí àgbà pe àwọn òṣìṣẹ́ iná.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí òfin ilẹ̀ wa fi sọ pé kí a fi mítà 15 sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti mítà 15 lósì wáyà 132,000 fólìtì. Ilẹ̀ yẹn kì í ṣe ilẹ̀ ilé, kì í ṣe ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, kì í sì í ṣe ilẹ̀ ìso ẹran.

Ẹ̀YIN ÒBÍ, TI ÀWỌN ỌMỌ ŃKỌ́?

A mọ̀ pé ẹ óò béèrè. Ní ọdún 2002, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ fi òòfà wáyà iná sí ipele ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó máa fa jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rí rẹ̀ kò tó. Ohun tí ó fà á ni pé nínú àwọn ìwádìí kan, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ pọ̀ díẹ̀ sí i láàárín àwọn ọmọ tí òòfà ilé wọn ju 0.3 tàbí 0.4 lọ nígbà gbogbo. Ní ọdún 2007, Àjọ náà tún un yẹ̀ wò, ó ní ẹ̀rí náà kò lágbára tó kí a fi sọ pé òòfà ló fà á. Ìgbìmọ̀ àgbáyé tí ń rí sí irú nǹkan wọ̀nyí sì sọ ní ọdún 2010 pé 200 ni òòfà wáyà iná kò gbọdọ̀ kọjá fún ará ìlú.

Ìmọ̀ràn wa kò le. Ẹni tí ó ń gba ẹ̀gbẹ́ wáyà lọ sí ilé-ìwé kò ní ohun tí yóò bẹ̀rù nínú òòfà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ́lé sábẹ́ wáyà, ẹ má ṣe sùn sábẹ́ rẹ̀, kí àwọn ọmọ má sì ṣe máa ṣeré níbẹ̀.

BÍ A ṢE Ń DÁ ẸJỌ́ WÁYÀ

Àwọn àgbà ní: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ṣùgbọ́n nínú ìwádìí, kò tó. Pé ohun méjì ṣẹlẹ̀ tẹ̀ léra kò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Kí a tó sọ pé wáyà ni, ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun mẹ́rin yìí:

1. Ǹjẹ́ ẹran náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó dé abẹ́ wáyà?
2. Kí ni ohun mìíràn tí ó yí padà lọ́jọ́ kan náà: oúnjẹ ni, omi ni, ìrìn-àjò ni, oòrùn ni, àbí ariwo?
3. Ǹjẹ́ àwọn tí wọn kò sí lábẹ́ wáyà ń ṣe bákan náà?
4. Ǹjẹ́ agbára tí ó wà níbẹ̀ tó ohun tí ìwádìí sọ pé ó ń yí ìwà padà?

Ìbéèrè wọ̀nyí ni a gbé lọ bá bàbá ọmọ wa. A ní kí ó jẹ́ kí a mú méjì nínú àwọn àgbò náà wá sí ẹ̀yìn ilé-ìwé, níbi tí kò sí wáyà ńlá, kí mẹ́ta dúró síbi tí wọ́n wà di ọjọ́ kejì. Èèpo ẹ̀gẹ́ kan náà ni a fún gbogbo wọn. Àwọn méjì tí ó wà lọ́dọ̀ wa kò jẹ ẹ́. Àwọn mẹ́ta tí ó wà lábẹ́ wáyà kò jẹ ẹ́. Nígbà náà ni a ránṣẹ́ pe ẹni tí ó ta ẹran. Ó wo ohun tí ó wà nílẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Alhaji, ẹran yìí ò mọ èèpo ẹ̀gẹ́. Òkè Ọya ló ti wá. Harawa ni mo fi ń bọ́ ọ." Harawa ni ewé àti ìtàkùn ẹ̀pà gbígbẹ. Ó lọ gbé ìdì kan wá, ó sì ní kí a bu omi sí i fún wọn nítorí ìrìn-àjò tí wọ́n rìn. Gbogbo márùn-ún jẹ, àwọn ti abẹ́ wáyà àti àwọn ti ẹ̀yìn ilé-ìwé.

A kò pe èyí ní ìwádìí ńlá. Àgbò márùn-ún kò tó láti dá wáyà láre títí láé. Ṣùgbọ́n ó tó láti parí ìjà láàárín àwọn méjì tí wọ́n fẹ́ máa fi ẹ̀sùn èké kan ara wọn, ọ̀kan ń sọ pé wọ́n ta ẹran aláìsàn fún òun, èkejì ń sọ pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara wọn.

Bàbá ọmọ wa wá béèrè pé: "Ṣé kí n fi àwọn mẹ́ta yòókù síbẹ̀ nígbà náà?" A ní rárá. Ọjọ́ náà gan-an ni a jọ tú wọn kúrò lẹ́sẹ̀ òpó irin. Òòfà kọ́ ni a bẹ̀rù. Wáyà tí ó lè já, àti ọmọ tí ń lọ bu omi fún ẹran láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ni a rò.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN ỌMỌ ILÉ-ÌWÉ

1. Kí ni Oersted rí ní ọdún 1820?
2. Kí ló dé tí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì kì í fi yí lábẹ́ wáyà iná NEPA?
3. Kí ló dé tí Keeton fi so irin tí kì í ṣe òòfà mọ́ ara àwọn ẹyẹlé kan?
4. Kí ló dé tí iná wáyà tí ó já fi léwu fún àgùntàn ju ènìyàn lọ?
5. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí yín nípa ohun kan tí wọ́n rò pé wáyà iná ló fà á. Ẹ fi ìbéèrè mẹ́rin òkè yìí yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì kọ ìdáhùn yín wá.

Ọlọ́hun yóò fi ìmọ̀ kún ìmọ̀ wa, yóò sì dáàbò bo àwọn ọmọ wa àti ẹran ọ̀sìn wa. Àmín.